Ọjọ́ Kan ní Gillingham Láàrin Àwọn Olólùfẹ́ Ánímè

Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, oúnjẹ àti aṣọ rírán, wọ ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ nítorí àwòrán eré, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀rín náà mọ bẹ́ẹ̀ ná, kí ẹ bá mi kálọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí, ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ láì rìn jìnnà. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Bí a bá bi í ní nǹkan, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” tàbí “Rárá, mà” ni ìdáhùn rẹ̀, yóò sì padà sí yàrá rẹ̀. Nínú yàrá náà ni ó ti ń wo ánímè, ìyẹn àwọn àwòrán yíyà tí ń rìn tí ń sọ̀rọ̀, tí àwọn ará Jàpáànì ń ṣe. Níbẹ̀ náà ni ó ti ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù kan rán aṣọ bí ti àwọn ẹni inú eré náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọmọ ti sùn, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí ilé ìdáná. Wọ́n ní, “Bá a lọ síbi àpèjọ tí ó ń sọ yẹn lọ́la. Ìwọ ni o mọ̀ nípa aṣọ. Tí o bá dé, kí o sọ òótọ́ fún mi. Bí ó bá jẹ́ eré òfìfo ni, n ó gbé ẹ̀rọ yẹn pa mọ́ títí yóò fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán lọ́dún tó ń bọ̀.” Iṣẹ́ amí ni wọ́n rán mi yìí. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n tí mo wọ̀ sí ilé wọn?

Láti ibùdókọ̀ Abbey Wood ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó gba Dartford àti Gravesend, lẹ́yìn náà ó sọdá odò Medway sí Rochester, níbi tí ilé olódi àtijọ́ àti kàtídírà ti dúró tira wọn bí ọkọ àti aya tí wọ́n ti jọ gbó. Lẹ́yìn Rochester ni Chatham, lẹ́yìn Chatham ni Gillingham tí à ń lọ. Ọmọ náà ti wọ aṣọ eré rẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n ó fi kóòtù ńlá bò ó mọ́lẹ̀ nínú ooru, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo ní kí ó bọ́ ọ. Ó ní, “Rárá, mà. Tí a bá dé ibẹ̀.”

Ẹ lè béèrè ohun tí ó pa Gillingham àti Jàpáànì pọ̀. Ní ìlú yìí ni wọ́n ti bí William Adams ní 1564, atukọ̀ òkun tí ó bá ọkọ̀ àwọn ará Họ́láǹdì rìn, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Jàpáànì ní 1600. Òun ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó dé ibẹ̀. Ó kan ọkọ̀ fún Tokugawa Ieyasu tí agbára ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ilẹ̀ àti ipò ọlá, kò sì padà wálé mọ́ títí ó fi kú ní 1620. Ọ̀wọ̀n ìrántí rẹ̀ wà ní òpópónà Watling Street, bọ́ọ̀sì wa sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn òpìtàn a máa yìn ín. Ní tèmi, ìyàwó tí ó fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré ni mo ń rò. Lóòótọ́ ó ń fi owó ránṣẹ́, ó sì pín ogún rẹ̀ láàrin wọn àti àwọn tí ó ní ní Jàpáànì, ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ọkọ.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Àga tí wọ́n tò sílẹ̀ tó 200. Mo ka ènìyàn, nítorí kíkà ti di àṣà fún ẹni tí ń ṣọ́ ìdánwò: ẹni 37 ni gbogbo wa, 11 nínú wọn sì jẹ́ òǹtajà àti olùrànlọ́wọ́. Pọ́n-ùn 8 ni owó ìwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ọjà, ẹ fi 8 sọ 26 di púpọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò san owó gbọ̀ngàn àti owó ìwé ìpolówó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ṣètò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó wọlé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ojú ìyá ìyàwó tí ó se ìkòkò ìrẹsì mẹ́wàá tí òjò sì dé ni. Ó sọ fún mi pé Comiket, àpèjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé àwòrán tí ń kó ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn jọ ní Tokyo, ẹgbẹ́ 32 àti nǹkan bí ẹni 700 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Mo rò pé ó ń fi tu ara rẹ̀ nínú ni.

A rìn yí tábìlì ká. Lórí ọ̀kan ni mo ti rí kìnnìún onírin márùn-ún tí wọ́n ń para pọ̀ di òmìrán, Voltron tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lójú bí ó bá ń wò nílé wa. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa nígbà náà pé láti inú eré Jàpáànì kan ti 1981 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti fà á yọ. Wọ́n ń ta ramune, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí dígí róbótó kan dí ọrùn ìgò rẹ̀. Ńṣe ni a ń tì í wọnú. Hiram Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe irú ìgò náà ní 1872. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti pa á tì, òun ni ó wá ti Jàpáànì padà wálé yìí! Mo jẹ onigiri, ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ mọ ní onígun mẹ́ta, tí wọ́n sì fi koríko inú òkun gbígbẹ wé. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ìrẹsì kúkúrú tí ń lẹ̀ mọ́ra ni kí ẹ wá. Ìrẹsì gígùn tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù yóò tú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ kóòtù. Ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé àti dúdú ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, onígun mẹ́rin-mẹ́rin bí pátákó dráfù. Aṣọ Tanjiro ni, ọmọkùnrin tí ń ta èédú nínú Kimetsu no Yaiba, ìwé àwòrán tí Koyoharu Gotouge bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n sì sọ di eré ní 2019. Ànjọ̀nnú pa ìyá ọmọ náà àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù, obìnrin, sì di ànjọ̀nnú. Ó gbé e sínú àpótí, ó fi àpótí náà kọ́ ẹ̀yìn, ó ń wá ìwòsàn fún un kiri. Èmi tí mo rò pé ìjà àti ariwo nìkan ni, mo dákẹ́.

Agogo méjì ọ̀sán ni ìdíje aṣọ. Àkókò tó, adájọ́ tí wọ́n pè kò yọjú. Olùṣètò gun orí pèpéle, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa aṣọ rírán. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ni ó nawọ́, tí ó sì wí ketekete pé àbúrò ìyá òun ń kọ́ni ní yunifásítì. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní kò tọ́, ọmọ mi wà lára olùdíje, olùdíje náà kò sì ju mẹ́ta lọ. Ọmọ náà súnmọ́ mi. “Àǹtí, ẹ wò ó bí ẹ ti ń wo ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, mà.”

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo bọ́ síwájú.

Èkíní jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ àgbà rán aṣọ dúdú Kiki fún, àjẹ́ kékeré inú eré Miyazaki ti 1989 (ẹ má bẹ̀rù, àjẹ́ tí ń jíṣẹ́ fún ará ìlú ni). Èkejì jẹ́ bàbá kan tí ó kọ́ṣẹ́ ní ibi ìkànkọ̀ Chatham kí wọ́n tó tì í ní 1984. Ó fi fóòmù ṣe ìhámọ́ra Gundam láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fi èékánná wá àlàfo lójú ibi tí ó ti so wọ́n pọ̀, n kò rí.

Ó wá ku ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rò pé ó ra aṣọ náà pẹ̀lú àrà lára ni, àfi ìgbà tí mo yí inú rẹ̀ síta. Mo bi í ní ohun tí ó fi dí ojú aṣọ tí aró kò fi wọ̀ ọ́. Ó wo ilẹ̀. “Láfún mọ́mì ni, mà.” Ó ti rí àwọn aláró Abẹ́òkúta lórí fóònù. Ó gé ihò onígun mẹ́rin sára ike pẹlẹbẹ kan, ó fi láfún tí ó sè tẹ àrà sórí aṣọ aláwọ̀ ewé, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun aró dúdú, ó sì fọ láfún kúrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni! Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún gbogbo ilé: pé ìrẹsì lílọ̀ ni àwọn ará Jàpáànì fi ń ṣe ohun tí a fi láfún ṣe, pé wọ́n ń di aṣọ ní òwú kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ní Arimatsu bí a ti ń ṣe àdìrẹ oníko, pé àwa àti àwọn ní aró aláwọ̀ búlúù láti ara ewé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé tiwọn kì í ṣe ẹ̀lú tiwa. Àwọn ènìyàn fa àga súnmọ́ iwájú. Mo gbàgbé pé ìdíje ni.

Ṣùgbọ́n adájọ́ ni mí. Apá òsì ẹ̀wù náà ṣù jọ léjìká, ìṣẹ́tí rẹ̀ sì gùn ju ara wọn lọ níbi méjì. Mo sọ ọ́ síta. Bàbá oníhàámọ́ra ni mo fún ní ipò kìíní, ọmọ mi ṣe ìkejì. Mo ń retí kí ojú rẹ̀ fà ro. Ohun tí ó bi mí ni pé, “Kí ló mú apá náà ṣù, mà?”

A jókòó sórí méjì nínú àwọn àga òfìfo wọ̀nyẹn. Ó ti gé orí apá náà ní rogodo bí ti ṣẹ́ẹ̀tì òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ara ẹ̀wù dúró gbọọrọ. Mo ní, “Wo bùbá ìyá rẹ. Ṣé orí apá rẹ̀ rogodo?” Ó ronú. “Rárá, mà. Gbọọrọ ni.” Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Jàpáànì. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tò mọ́ra bí aṣọ òkè, tí gbogbo rẹ̀ gún régé, débi pé láyé àtijọ́ wọ́n a máa tú kimono palẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọn a sì tún un rán. Òǹtajà kan yá wa ní abẹ́, bàbá ìkànkọ̀ mú abẹ́rẹ́ wá láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. A tú apá náà, a gé orí rẹ̀ gbọọrọ, a fọwọ́ rán an padà. Ọmọdébìnrin Kiki ń di òwú mú fún wa. Fún wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi sọ̀rọ̀ láìsinmi, nípa aṣọ, nípa Tanjiro, nípa ilé ìwé, nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín, ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n ń kó àga nílẹ̀, abẹ́ wa ni wọ́n kó kẹ́yìn. Kò wọ kóòtù nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè wá. Ọmọ wọ yàrá lọ, wọ́n ní, “Ó dáa, sọ.” Mo sọ òótọ́. Mo ní ẹni 37 ni mo kà, mo ní ìkejì ni mo fún ọmọ wọn, mo sì ní apá òsì kò dára. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì lábẹ́ iná, mo yí inú rẹ̀ síta. Mo ní, “Láfún yín tí ẹ ń wá láti oṣù tó kọjá nìyí.”

Wọ́n fi ọwọ́ pa á. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà, wọ́n wọlé. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn: “Báwo lo ṣe po láfún yẹn? Ó ki jù. Álọ́ọ̀mù ńkọ́? O ò fi álọ́ọ̀mù sí i?” Mo tún gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó ń ṣàlàyé, kò sì tètè dákẹ́.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tí mo padà sí Nàìjíríà.