Ìyá Kàdúná ní Buenos Aires

Nígbà tí a sọ fún àwọn ará ilé pé Màmá ń lọ sí Ajẹntínà, ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ọkùnrin kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló kú síbẹ̀?" Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà ẹni ọdún 71 kì í rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe nítorí òkú tàbí ìkómọ. A ní kò sí ẹni tó kú, kò sì sí ẹni tó bímọ. Màmá kàn fẹ́ lọ jẹ ayé ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ó má yà yín lẹ́nu pé "a" ni a ó máa wí. Ìbejì ni wá, a sì jọ lọ ni. Bí ọ̀kan nínú wa bá ní òun nìkan ló rí nǹkan kan níbẹ̀, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ nínú yàrá wa.

Màmá tí à ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, òun sì ni àgbà gbogbo wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọdún 1974 ló ti ń ta aṣọ ní Kàdúná. Bí ó bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún, Ìyá Kàdúná ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá padà sọ́jà ní Kàdúná, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ká wa lára rárá títí a fi wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí àwọn kan nínú yín bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé, "Yorùbá ibo tiẹ̀ ni ẹ̀yin?" nítorí pé Háúsá ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa bí inú bá ń bí wa.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, nígbà rògbòdìyàn Ṣàríà, ṣọ́ọ̀bù Màmá jóná ráúráú. Wọn kò tíì bí wa nígbà náà. Ohun tí a gbọ́ ni pé kò sunkún nítorí ọjà. Ohun tó dùn ún ni léèsì mẹ́fà kan tó yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, tí kò fi kan ara rí, nítorí ó ń dúró de ọjọ́ tó yẹ. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé bí òun bá tún rí owó kó jọ, òun yóò ná nínú rẹ̀ kí iná tó dé. Ó tún rí i kó jọ lóòótọ́. Ọdún 24 ló gbà á.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Buenos Aires, tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí Ajẹntínà gba Ife Àgbáyé ní oṣù Kejìlá 2022, Màmá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí èrò ṣe bo òpópónà Avenida 9 de Julio, tí wọ́n yí ọwọ̀n gíga kan ká, èyí tí wọ́n ń pè ní Obelisco, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Àwọn kan ń gun òpó iná. Àwọn arúgbó ń sunkún ayọ̀. Ó ní, "Ìlú tó mọ ayọ̀ yọ̀ báyìí, ẹ mú mi débẹ̀." Nítorí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó ní àwa ni a ó tẹ̀ lé òun gbé ẹrù, òun ni yóò san gbogbo owó. Ẹni tó bá rò pé a jiyàn kò mọ̀ wá.

Oṣù Kọkànlá 2024 ni a lọ. Láti Àbújá a gba Addis Ababa, a gba São Paulo, kí a tó balẹ̀. Màmá wà níwájú bàálù níbi tí àga ti ń di bẹ́ẹ̀dì. Àwa wà lẹ́yìn níbi tí orúnkún ènìyàn ti ń kan àga ẹlòmíràn. Lóòrèkóòrè ni ó ń rán òṣìṣẹ́ bàálù sí wa pé ṣé a ti jẹun.

Recoleta ni a dé sí, adúgbò àwọn ọlọ́rọ̀. Nígbà tí a wọ yàrá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú àpótí Màmá kí ó lè bá a fi aṣọ kọ́. Màmá dúró síwájú àpótí náà. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mi ò sọ ẹrù mi sílẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí." Ọjọ́ kìíní nìyẹn o. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ aago pé kí wọ́n wá fi áyọ́ọ̀nù sí bùbá òun.

Ìlú náà dùn ún wò. Ní oṣù Kọkànlá ni igi jacaranda ń tanná níbẹ̀, òdòdó aláwọ̀ àlùkò ń já bọ́ sórí ọkọ̀ àti sórí ènìyàn. Aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ alẹ́, nígbà tí Màmá ti máa ń sùn. Ẹran màlúù wọn rọ̀, ó tóbi, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i. Màmá ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti gbé ata gígún sínú báàgì. Agbáwo kan bẹ̀bẹ̀ pé kí òun tọ́ ọ wò. A kò ní ròyìn ojú ọkùnrin náà.

Ní alẹ́ kan a lọ sí Teatro Colón, ilé orin ńlá tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1908. Màmá wé gèlè tó ga, ó sì wọ léèsì tuntun. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ń tọ́ka sí gèlè. Màmá rò pé ó ń yìn ín ni, ó yíjú padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Àwa ni a wá pààrọ̀ ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ibi tí Màmá ti gbádùn jù kì í ṣe ilé orin. Òpópónà Florida ni, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ń ké pe "Cambio! Cambio!" láti ṣẹ́ dọ́là fún ènìyàn. Ní 2023, iye ọjà gòkè ní ìdá 211 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ajẹntínà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi owó ìlú rẹ̀ pamọ́. Màmá gbọ́ ariwo yẹn, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Àwọn màlàmù wa rèé!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀rọ̀, òun ń fi Yorùbá àti ìka ọwọ́, ọkùnrin náà ń fi Sípáníìṣì àti kálúkúlétọ̀. Ó lọ, wọ́n pè é padà. Ó tún lọ, wọ́n tún pè é padà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ti ń bá ara wọn ṣòwò fún ogún ọdún.

Nínú owó tí wọ́n kà fún un ni a ti rí owó bébà 10,000 peso, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2024. Àwòrán ènìyàn méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ni Manuel Belgrano, ọ̀gágun wọn. Èkejì, obìnrin aláwọ̀ dúdú ni. Màmá gbé e súnmọ́ ojú, ó yọ dígí rẹ̀, ó tún gbé e wò. Ó ní, "Ta nìyí?"

Ó tọ́ kí ó béèrè, nítorí awakọ̀ tó gbé wa láti pápákọ̀ ti fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sọ fún wa pé kò sí ènìyàn dúdú ní Ajẹntínà, pé Brazil ni wọ́n wà. Kò fi ibi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé yìnyín kì í bọ́ ní Kánò.

María Remedios del Valle ni obìnrin náà ń jẹ́. Buenos Aires ni wọ́n ti bí i. Ó tẹ̀ lé ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ogun òmìnira ní 1810. Ogun pa wọ́n, òun kù. Belgrano fún un ní oyè kápútẹ́ẹ̀nì. Ọwọ́ àwọn Sípéènì tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì nà án ní gbangba. Lẹ́yìn ogun ó padà wá sí Buenos Aires, ó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, títí ọ̀gágun kan fi dá a mọ̀ lójú pópó. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1847 ló kú, òfin ọdún 2013 sì ti sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ àwọn ọmọ Ajẹntínà tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà.

Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Buenos Aires ní 1778, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1887, wọn kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ogun pa nínú wọn. Ibà pọ́njú ọdún 1871 pa nínú wọn, pàápàá ní San Telmo àti àyíká rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n sá kúrò níbẹ̀ tí wọ́n wá kọ́ ilé sí Recoleta tí àwa dé sí. Ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn ará Ítálì àti Sípéènì dé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ìwé òfin wọn ti 1853, ní abala 25, sọ pé kí ìjọba máa ran ìwọlé àwọn ará Yúróòpù lọ́wọ́, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Kálàmù náà kò sì gbẹ́yìn, nítorí àwọn tó ń ka ènìyàn kọ orúkọ mìíràn fún ẹni tí awọ rẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, ní 2022, àwọn tó lé ní 300,000 fẹnu ara wọn sọ pé ọmọ ìran Áfíríkà ni àwọn. A kò sọ pé Yorùbá ni wọ́n o. Àǹgólà àti Kóńgò ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti wá.

Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Umbanda àti Batuque ló gbé e wá láti Brazil àti Uruguay, ní ọ̀rúndún ogún. A wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àbẹ́là àti ère. Ère obìnrin funfun kan wà níbẹ̀, irun rẹ̀ gùn dé ìdí, ó wọ aṣọ aró. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní Iemanjá ni. Màmá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti kékeré, wò ó títí. Ó ní, "Yemọja ló di òyìnbó báyìí?" Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń ka àwọn òrìṣà tó kù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bará, Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, nígbà tó sì kà á dé ìdajì, ó ti kọjá èyí tí àwa mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kí wa bí ará ilé ní ìlú náà, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni, ó ń ta dígí ojú lẹ́bàá ọ̀nà ní adúgbò Once. Kò gbọ́ Yorùbá, àwa kò gbọ́ Wolof. Ó ní "Salaamu alaykum," ẹnu wa sì ti dáhùn kí a tó ronú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá àwọn aládùúgbò wa lóhùn ní Kàdúná láràárọ̀. Màmá ra dígí mẹ́ta. Ó ná an títí tí ọmọ náà fi ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló san iye tí ọmọ náà kọ́kọ́ pè.

Lẹ́yìn náà ni Màmá ní kí a padà lọ sí itẹ́ òkú Recoleta, tí a ti lọ wò ní ọjọ́ kejì. 1822 ni wọ́n ṣí i. Bí àdúgbò ni ó rí. Ibojì lé ní 4,000, wọ́n ní ilẹ̀kùn, wọ́n ní gíláàsì, àwọn mìíràn ju ilé tí ẹlòmíràn ń gbé lọ. Eva Perón wà níbẹ̀. Ó kú ní 1952, àwọn ológun gbé òkú rẹ̀ pamọ́, wọ́n sin ín sí Milan pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì dé Recoleta títí di 1976. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn ibojì kan láti sinmi orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, bí mo bá kú, ibo ni wọn ó gbé mi lọ?"

A ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Màmá. Gbogbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tó wà níbẹ̀ tí kò tíì rí páànù.

Ó ní, "Ta ni yóò máa wá wò mí níbẹ̀? Ọkọ mi wà ní Kàdúná. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi wà ní Kàdúná. Wọ́n jó mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lọ. Ṣé ìgbà tí mo bá kú ni màá wá sá lọ? Kàdúná ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjì ni mo sọ ọ́ fún."

A kò mọ èyí tí a ó wí. Ní tiwa, a rò pé ó jàre. Ṣùgbọ́n a mọ ìdílé wa, a sì mọ Kàdúná pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti sá kúrò nílé rẹ̀ rí kò ní fi ibojì ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ tọkàntọkàn. A sọ èyí fún un. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkú, ọ̀rọ̀ alààyè ni, kí àwa alààyè lọ yanjú rẹ̀.

Ní ọdún Kérésì tó tẹ̀ lé e, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá wa béèrè iye tí ìrìnàjò náà jẹ. Màmá sọ ọ́ láìyọ kọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó yẹn ì bá kan páànù sí ilé yìí tán." Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló sọ tibojì. Kò sẹ́ni tó fèsì. Bàbá wa dìde, ó lọ wo jẹnẹrétọ̀ tí kò bàjẹ́.

Ó ní kí a kọ ọ́ síbí, kí ó lè wà lákọsílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025 ó ra ilẹ̀ kékeré kan ní itẹ́ òkú ìjọ rẹ̀ ní Kàdúná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Bàbá wa kò tíì dá sí i. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, nínú ike kan náà tí ìwé ìrìnnà wa wà.