Orúkọ Nínú Ìwé, Orúkọ Lẹ́nu Ẹ̀fẹ̀

Láàárín àwa Nàgó, orúkọ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọdé kì í dárúkọ àgbà lójú rẹ̀. Bí ohùn tí a kò mọ̀ bá sì pe ènìyàn lóru, kì í yára dáhùn. A gbà pé ẹni tó di orúkọ wa mú ti di nǹkan kan mú lára wa. Bóyá ìdí nìyí tí fíìmù Death Note fi wọ àwa ará Ahoyéyé lára ju ọ̀pọ̀ fíìmù ilẹ̀ òkèèrè lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété ń wò ó lórí fóònù ní èdè Faransé. Máńgà ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pe gbogbo fíìmù àwòrán tó ti Jàpáànù wá. A bá wọn jókòó, a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ.

Tsugumi Ohba ló kọ ìtàn náà, Takeshi Obata ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ láti 2003 sí 2006. Ilé-iṣẹ́ Madhouse sọ ọ́ di fíìmù alápá 37, lábẹ́ ìdarí Tetsurō Araki, ní 2006 sí 2007. Light Yagami, akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ pé, ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá, rí ìwé dúdú kan he. Ryuk, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ikú, ló jù ú sílẹ̀ nítorí pé ayé ti sú u. Ẹnikẹ́ni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà, tí ẹni tó ń kọ ọ́ sì mọ ojú rẹ̀, yóò kú. Light bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀daràn. Ó ní òun fẹ́ tún ayé ṣe. Àwọn ènìyàn sọ apànìyàn tí wọn kò mọ̀ náà ní Kira, ọ̀pọ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń dọdẹ rẹ̀ ni L, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó fi orúkọ àti ojú ara rẹ̀ pamọ́. Ọwọ́ òun náà kò mọ́ tán. Ó fi ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ṣe ìjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó kó kámẹ́rà pamọ́ sínú ilé onílé, ó sì de àwọn tí ó fura sí mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ìdájọ́. Apànìyàn ń sọ̀rọ̀ òdodo. Ẹni tó ń wá òdodo ń hùwà ìkà.

Àwòrán fíìmù náà kò bá wa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Light lẹ́wà, irun rẹ̀ gún, aṣọ rẹ̀ mọ́. L tẹ̀ lẹ́yìn, kò wọ bàtà, ó ń lóṣòó sórí àga, ìdí ojú rẹ̀ sì dúdú bí ti ẹni tí kò sùn. Ryuk tí ẹnu rẹ̀ ya dé etí, tí ojú rẹ̀ yọ síta, ń jẹ ápù, ó ń wòran. Nígbà tí èrò àwọn ọ̀tá méjèèjì bá ń figagbága, irun àti ojú Light a pọ́n, ti L a sì di aláwọ̀ aró. Kíkọ orúkọ, iṣẹ́ tí kò ní ariwo rárá, ni wọ́n yà bí ìjà idà: apá ń fò, kálàmù ń gé afẹ́fẹ́, òjìji ń bo ògiri. Nípa bẹ́ẹ̀ ojú wa ń gbádùn ohun tí ọkàn wa yẹ kó kọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí a bá wò ó wà lẹ́yìn Light. Ọ̀kan nínú wọn bi wá pé: «Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀daràn ló ń pa. Kí ló burú níbẹ̀?» Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa, a mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn bí ariwo «olè!» bá sọ lọ́jà: igi, òkúta, táyà, bẹntiróòlù. Èdè Faransé ní orúkọ fún un: vindicte populaire. Ẹni tí wọ́n mú kò ráyè sọ orúkọ ara rẹ̀, áńbọ̀sì kó sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn tó lù ú á padà sílé lọ jẹun alẹ́. Ọlọ́jà ni wọ́n, bàbá ọmọ ni wọ́n, aládùúgbò wa ni wọ́n. Ìbéèrè ọmọ náà ti wà nílé kí fíìmù Jàpáànù tó dé.

Àwọn baba wa ti bi ara wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi igi gbígbẹ́, aṣọ àti ìlù dáhùn. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àràmàǹdà nínú ogún ìran ènìyàn, ó sì wọ inú àkójọ rẹ̀ ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn ìyá wa ni à ń fi ijó náà bọ̀wọ̀ fún, àwọn tí a gbà pé agbára kan náà ni wọ́n fi ń fúnni lọ́mọ tí wọ́n sì lè fi pani lọ́mọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í lé wọn; ó ń jó fún wọn kí inú wọn lè yọ́, kí agbára náà lè yà sọ́nà ire. Tibi tire la dá ilé ayé. Ẹ sì wo ère tó wà lórí oníjó. Ojú tó wà nísàlẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ pa dé. Lókè orí, ayé ń gbóná: ejò àti ẹyẹ ń jà, ọlọ́jà ru ẹrù, ẹnìkan gun alùpùpù. Ojú tútù ló ru ìjà. Ọkùnrin ló gbé e, ó múra bí obìnrin, aṣọ sì bo ojú tirẹ̀.

Kí ijó ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ ti fi òru ṣe tirẹ̀. Ó júbà àwọn ìyá, ó ṣúre fún ìlú, lẹ́yìn náà ó ń tú àṣírí: ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́, ọkọ tó pa aya tì, ẹni tó ta ilẹ̀ onílẹ̀. Òun náà ń dájọ́ lóru, òun náà ń fi orúkọ ṣiṣẹ́; bí kò bá dárúkọ ẹni náà, yóò ṣàpèjúwe rẹ̀ títí gbogbo ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni Light ti ń kọ orúkọ. Àárín ìlú ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń pè é, níwájú ìyá àti baba, tí èrò ń gbe orin. Bí ó bá purọ́, gbogbo ìlú ló gbọ́. Ẹni tó bá bú yóò jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ṣùgbọ́n yóò jí. Ó lè san owó ẹgbẹ́. Ó lè lọ bẹ aya rẹ̀. A kò sọ pé Ẹ̀fẹ̀ kò lè ṣini: ìtìjú lè lé ènìyàn kúrò nílùú, ìlara sì lè wọ aṣọ òdodo. Síbẹ̀, orin ṣeé fi orin dáhùn. Ikú kò ní èsì.

Ní òpin fíìmù náà, Ryuk kọ orúkọ Light sínú ìwé tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti kìlọ̀ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí a fòfin lé irú máńgà bẹ́ẹ̀ jáde nílé. Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ wọ́n: ẹ bá àwọn ọmọ yín wò ó, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló gbọ́ tẹnu àwọn tí Light pa. Bí ìkórè bá sì parí, tí wọ́n bá kéde òru Ẹ̀fẹ̀ ní Pobè tàbí ní Sakété, ẹ mú wọn dání, kí wọ́n dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.