Ẹ̀wà Tí A Kì í Sè

Nígbà tí mo kọ́kọ́ da irúgbìn òdòdó lúpìn sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Ẹ̀wà ni! Ó kéré díẹ̀, ó ní àmì tótòtó lára, àmọ́ ọmọ àgbẹ̀ kì í ṣi ẹ̀wà mọ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà sì ni lóòótọ́. Ọmọ ọmọ mi tó dúró tì mí béèrè pé, “Bàbá àgbà, ṣé a lè fi ṣe mọ́ínmọ́ín?” Mo ní rárá o, májèlé ni, kó tètè lọ fọwọ́.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn, lẹ́yìnkùlé wa ní Leeds, nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀ tán. Èèpo irúgbìn náà le. Mo fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, bí ìyá mi ti máa ń ṣe sí ẹ̀wà tó bá ti gbó jù. Oṣù Kẹta ni. Mo gbìn ín sínú ike lẹ́bàá fèrèsé, kó sì tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yọrí.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo jẹ́ kó pẹ́ jù nínú ike. Gbòǹgbò lúpìn gùn, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ, kò sì fẹ́ kí a máa tú òun kiri. Nílé, ata là ń tú gbìn; ta ló ń tú ẹ̀wà? Mẹ́ta kú nínú mẹ́sàn-án. Ìgbín jẹ méjì sí i. Kì í ṣe ìgbín tiwa o. Èyí kò ní ìkarahun, kò sì wúlò fún ọbẹ̀. Lóru ni mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn, èmi àgbàlagbà nínú kóòtù àti pijáámà.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, kò sí òdòdó, ewé lásán ni. Ewé náà tó ìwòran: ó yà bí ìka ọwọ́ tí a tẹ́, bí òjò bá sì dá, ẹ̀kán omi kan á jókòó sáàárín rẹ̀, á máa dán. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, òtútù mú un, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ìyàwó mi yọjú: “Bàbá Fúnmi, òdòdó yín ti kú o.”

Mo mú ọkọ́, mo wa ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan wò. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì le koko, kókó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì wà lára rẹ̀, irú èyí tí mo máa ń rí lára ẹ̀wà bàbá mi. Inú kókó yẹn ni kòkòrò àìfojúrí ń gbé, tí ó ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ewéko. Bàbá mi kò gbọ́ náítírójìn rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá ti ṣá ló ń gbin ẹ̀wà sí. Mo bo gbòǹgbò náà padà. Lóṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e, òdòdó rẹ̀ ga dé èjìká ọmọ ọmọ mi.

Ẹni tó sọ lúpìn di ọ̀ṣọ́ ilé gbogbo níbí kò jìnnà sí wa: George Russell, ológbà kan ní York. Amẹ́ríkà ni ewéko náà ti wá. David Douglas ló kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1826. Láti bí 1911 ni Russell ti ń gbìn ín. Oyin ló fi ìgbéyàwó àwọn òdòdó náà sílẹ̀ fún. Tirẹ̀ ni kó fa èyí tí kò wù ú tu. Nígbà tó pàtẹ wọn fáráyé ní 1937, ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí orúnkún bá ń dùn mí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èso tèmi gbẹ, ó ń là pẹ́ú pẹ́ú nínú oòrùn. Mo ṣà wọ́n sínú àpòòwé. Àwọ̀ tí wọn yóò mú jáde kò yé mi, nítorí ọmọ lúpìn Russell kì í sábà jọ ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Mo rẹ méjìlá sómi lálẹ́ àná.