Bertha Ló Náwó, Bertha Ló Wakọ̀, Orúkọ Ọkọ Ló Wà Lára Bẹ́ńsì

Bí Bẹ́ńsì bá kọjá lọ́jà, ojú gbogbo ènìyàn a máa bá a lọ. Àwọn tó dàgbà l'Ékòó kò sì tíì gbàgbé mọluè, èyí tí àwọn wẹ́dà wa kan ara rẹ̀ lé orí ṣaṣí Bẹ́ńsì 911. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló kọ́kọ́ wa Bẹ́ńsì rin ìrìn tó jìnnà, wọn a ní òyìnbó ọkùnrin kan báyìí ni. Irọ́ gbáà! Obìnrin ni, abiyamọ, ọmọ méjì ló sì kó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bertha Ringer lorúkọ rẹ̀. Ìlú Pforzheim ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1849. Nílẹ̀ wọn láyé ìgbà yẹn, òbí ọmọbìnrin ló ń kó owó lé e lọ́wọ́ bó bá ń lọ sílé ọkọ, kì í ṣe bíi tiwa tó jẹ́ pé ọkọ ló ń gbé ìdáná wá. Carl Benz tí Bertha ń fẹ́ ní ọgbọ́n orí, ṣùgbọ́n kò lówó, ọ̀rọ̀ òun àti ẹni tí wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kò sì wọ̀ mọ́. Kí ni Bertha ṣe? Ó ní kí wọ́n yọ lára owó òun ní 1871, kí ìgbéyàwó tó wáyé rárá, wọ́n fi san ìpín onítọ̀hún fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọdún kejì ni wọ́n tó ṣègbéyàwó.

Ní January 29, 1886, Carl lọ gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Nọ́ńbà ìwé náà ni 37435. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, Benz & Co., ló wà níbẹ̀, kò sí ti Bertha. Ọkọ̀ délẹ̀ tán, kò tà. Carl ò yéé tún un ṣe, lónìí a tú u, lọ́la a tún un dè, ṣùgbọ́n kò láyà àtigbé e jáde kí ayé rí i. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ kúkú mọ̀ pé ọjà tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀ kì í tà.

Ló bá di òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kan ní August 1888. Carl ṣì ń sùn. Bertha àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, rọra ti ọkọ̀ jáde nílùú Mannheim, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ìyá ìyá àwọn ní Pforzheim. Ó lé ní 100 kìlómítà. Ẹ sáà wò ó bí Èkó sí Abẹ́òkúta, láìsí ọ̀dà, láìsí ilé epo kankan lọ́nà.

Epo wá tán. Wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì kan nílùú Wiesloch, Bertha ra ligroin, nǹkan olómi tí àwọn ènìyàn fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Títí dòní ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù yẹn ní ilé epo àkọ́kọ́ láyé. Ojú ihò tí epo ń gbà dí, Bertha yọ píìnì fìlà rẹ̀, ó fi gún un. Wáyà iná ṣí lára, ó bọ́ rọ́bà tó fi de ìbọ̀sẹ̀ mọ́tan, ó fi wé e. (Ẹ ò rí i pé ohun tó wà lára obìnrin nìkan tó tún mọ́tò ṣe!) Ṣéènì yọnu, alágbẹ̀dẹ kan bá wọn tún un ṣe. Bí wọ́n bá dé òkè, ọkọ̀ ò lágbára, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bíréèkì onígi á máa jẹ tán, ni Bertha bá ní kí ṣúmékà kan kan awọ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ láìnìn bíréèkì lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ ṣúmékà yẹn ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé. Bertha tẹ wáyà sí ọkọ rẹ̀ pé àwọn ti gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, Carl fi jíà kan kún un nítorí òkè. Aráyé sì ti rí i pé ọkọ̀ náà ń rìn.

Carl kì í ṣe aláìmoore o. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1925, ó yin ìyàwó rẹ̀ gidi gan-an. Àwọn ẹlòmíì ló gbàgbé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilé kan tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn tó ṣe gudugudu méje nídìí mọ́tò. Ní 1984 ni wọ́n fi orúkọ Carl síbẹ̀, ó di 2016 kí wọ́n tó rántí Bertha. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ obìnrin wà lára ọkọ̀ náà lóòótọ́. Mercedes ni. Ṣùgbọ́n ọmọ oníbàárà kan tó ń bá ilé iṣẹ́ Daimler ta mọ́tò ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ní 1926 ni ilé iṣẹ́ Daimler àti ti Benz sì tó di ọ̀kan.

Ṣé Jámánì nìkan ni? Ìyá á dá èésú, á sọ owó èlùbọ́ di lọ́rì, ìwé ọkọ̀ á wá jáde lórúkọ bàbá. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, mọ̀lẹ́bí á ní kí ìyá mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìyá á ní òun lòun ra ọkọ̀. Wọ́n á ní kó mú ìwé jáde. Àwọn tó ń kọ ìtàn lọ́rì nílẹ̀ wa náà, ìwé yẹn ni wọ́n ń wò, orúkọ bàbá náà ni wọ́n sì ń kọ.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ra lọ́rì, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́: ọdún wo ni, irú ọkọ̀ wo ni, kí ni ìyá ń tà tó fi rà á, wẹ́dà tàbí káfíńtà wo ló kan ara rẹ̀, kí ni wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀. Bí fọ́tò bá wà, kó fi sí i.