Nígbà Tí Ìta Tinúbú Bá Di Odò
Ọ̀nà kò jìn láti ẹsẹ̀ Afárá Carter ní Ìdúmọ̀tà dé Ìta Tinúbú, ṣùgbọ́n bí òjò oṣù keje bá rọ̀, odò ni títì ń dà. Mo wa jíìpù gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Omi ti bo gọ́tà mọ́ títì. Mo dúró kí dánfó iwájú là á já, kí n tó fi jíà kìíní tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, kí ìgbì má baà wọ ẹ́ńjìnnì. Níwájú mi ni ẹ̀rọ omi atúsókè tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ awakọ̀, jíìpù kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí gọ́tà wà, ẹ dúró. Ilé kò ní sá lọ.