Edé tí àrùn ò rí pa: Ohun tójú àwọn olóko rí ní Taura, lórílẹ̀-èdè Ecuador

Bí èèyàn bá kúrò ní Guayaquil, tó gba orí afárá bọ́ sí Durán, tó wá dorí kọ apá gúúsù, kò ní í pẹ́ tí yóó fi dé Taura. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni yóó rí lápá kan, adágún edé lápá kejì, àwọn mí-ìn tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lọ. Igbó etí omi, irú èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ni wọ́n gé dànù kí ọ̀pọ̀ adágún lágbègbè náà tó ráyè. Ìyẹn ò dáa o, ká sòótọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ṣàdédé ni edé ń kú lọ rẹpẹtẹ, tí ìrù wọn ń pọ́n. Làwọn olóko edé bá fárí, wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣàn wọnú omi àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Àfìgbà tó di 1995 táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni. Títí dòní, àrùn Taura ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ba ìlú onílùú lórúkọ jẹ́!

Wọn ò tíì mí kanlẹ̀ tí àrùn àmì funfun fi dé ní 1999. Edé tí Ecuador tà sókè òkun ní 1998 lé ní 110,000 tọ́ọ̀nù. Ní 2000, kò tó 40,000. Adágún gbẹ, òṣìṣẹ́ padà sílé.

Àwọn ilẹ̀ mí-ìn ń ra ìyá edé tí wọ́n tọ́ síbi tí àrùn kankan ò sí. Ṣùgbọ́n omi odò gbalasa ni Ecuador ń lò, àrùn wà nínú rẹ̀. Edé bẹ́ẹ̀ á dà bí ọmọ tí ẹ̀fọn ò jẹ rí, tí wọ́n wá gbé lọ sétí irà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ni wọ́n bá ṣe bíi tàwọn àgbẹ̀ wa tó ń ṣa àgbàdo tó yè lọ́dún ọ̀dá pamọ́ fún irúgbìn: àwọn edé tí àrùn ò pa nínú adágún ni wọ́n ń ṣà, tí wọ́n ń kó lọ sí ilé ìpamọ tó wà ní Santa Elena, kí wọ́n lè bímọ. Wọ́n á fi òrùka onínọ́ńbà sí ìyá edé lójú, kí wọ́n lè mọ ìdílé rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n má baà gun àbúrò, torí pé ọmọ irú wọn kì í lágbára. Wọ́n tún ń gé ojú rẹ̀ kan kó lè tètè yé ẹyin. Ìwà ìkà ni, àmọ́ àwọn kan ti ń jáwọ́ ńbẹ̀.

Nígbà tó fi di 2022, edé tí Ecuador tà sókè òkun ti lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, China ló sì ń ra èyí tó pọ̀ jù. Fáírọ́ọ̀sì ò tíì kúrò nínú omi o.

Àwọn tẹ́nì kan ò dárúkọ ni àwọn mẹ̀kúnnù tó ń fi àwọ̀n kó ọmọ edé létí òkun tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń tà á fún olóko. Ọmọ edé inú ilé ìpamọ ni olóko ń fẹ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń rajà lọ́wọ́ wọn mọ́.