Ìjánu Kẹ̀kẹ́ Mi Kọ̀ ní Òkèlúsè

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni bí ó ṣe ń sáré sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tí yóò bèèrè bí ó ṣe ń dúró sí. Èmi náà kò bèèrè, títí di ọjọ́ tí mo dé Òkèlúsè. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Òkèlúsè wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ifọ́n ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà, Arújálé sì ni oyè ọba ìlú Òkèlúsè. Ìlú àgbẹ̀ ni. Kòkó wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, igbó sì yí wọn ká. Nínú ilẹ̀ wọn àti ti Arímogijà tí ó wà nítòsí ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti rí irú òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ kò ní rántí sìmẹ́ǹtì rárá. Ilẹ̀ pupa ni yóò bá pàdé ní àwọn ọ̀nà oko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a máa wọ inú imú. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ táyà bí iyán ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó.

Ọ̀wọ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òkèlúsè. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ òun. Inú mi dùn. Mo ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi rí i. Ní alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí n ó lọ, mo mú àkísà, mo ta epo ẹ́ńjìnnì sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu kẹ̀kẹ́ náà. Mo nu férémù, mo nu ṣéènì, mo sì nu rímù méjèèjì títí wọ́n fi ń dán bí dígí. Ẹ rántí epo yìí o, nítorí òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di apànìyàn.

Orí ọkọ̀ ni wọ́n so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ títí a fi dé. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí oko kòkó bàbá ìyàwó rẹ̀. Òun ń fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ń gun kẹ̀kẹ́, mo ń lọ síwájú, mo ń padà sẹ́yìn, àwọn ọmọ sì ń pariwo. Nígbà tí a ń padà bọ̀, òjò rọ̀ díẹ̀, ó sì dá. Mo ní kí n máa lọ síwájú dè wọ́n nílé.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà náà tí ó wọ inú odò kékeré lọ. Láàárọ̀, ìgòkè ni mo fi ṣe, n kò sì kà á sí. Nísinsìnyí mo wá kọjú sí ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo fún ọwọ́ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ kò gbọ́. Mo fún un pọ̀ títí tí irin fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹni pé mo fún afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ni. Mo gbójú sókè, mo sì rí àwọn obìnrin mẹ́ta àti ọmọdébìnrin kan tí wọ́n ru omi, tí wọ́n ń bọ̀ láti odò, àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n wà.

Mo kígbe, "Ẹ yà o! Ẹ yà!" Àwọn obìnrin náà yà sápá ọ̀tún. Ọmọ náà dúró gbagidi, ó ń wò mí. N kò mọ ìgbà tí mo yí orí kẹ̀kẹ́ sínú igbó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi nínú òkìtì èèpo kòkó, ìgbòǹwọ́ mi bó, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi, táyà ẹ̀yìn sì ń yí lọ. Ọmọ náà kò fara pa. Ẹ̀rù ló bà á tí ó ju garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fọ́ yángá.

Ìyá ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé èébú ni n ó gbọ́. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ lè dìde?" Ìtìjú tí ó mú mi ju ìrora ìgbòǹwọ́ lọ. Ìbá ṣe pé ó bú mi, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tipẹ́tipẹ́, kí ọ̀kadà tó gba ojú ọ̀nà. Abẹ́ igi ni ó ń jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá kò wo ìgbòǹwọ́ mi. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú rímù, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ta ní bá ọ fi epo pa ojú rímù?"

Mo ní, "Èmi ni, bàbá. Mo fẹ́ kí ó máa dán ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o máa ń fi ọṣẹ pa ọwọ́ kí o tó gun ọ̀pẹ?"

N kò rí èsì fọ̀. Bàbá wá jẹ́ kí ó yé mi pé agbára ọwọ́ kọ́ ni ó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Rọ́bà ni ó ń gbá rímù mú, bí rọ́bà àti rímù kò bá sì lè gbá ara wọn mú, kí a fún bíréèkì títí ọwọ́ yóò fi kán, asán ni. Ó ní ní ayé àtijọ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, ní ilẹ̀ England, jẹ́ ohun iyì lọ́wọ́ àgbẹ̀ oníkòkó, kò sí wáyà nínú ìjánu rẹ̀. Ọ̀pá irin ni ó ń fa rọ́bà méjì sókè mọ́ inú rímù. Rímù irin ni wọ́n sì ní, irin tí a pa láró kí ó máa dán. Bí òjò bá pa á, yíyọ̀ ni. Nítorí náà ni àwọn kan ní ilẹ̀ England ṣe ń fi awọ bo ojú rọ́bà fún irú rímù bẹ́ẹ̀, torí awọ a máa di irin tútù mú ju rọ́bà lọ. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá méjì tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni ó ní, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1996, rímù rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Bàbá ní irú ìjánu yìí dára, ṣùgbọ́n kò sí ìjánu tí ó dára tó láti ṣẹ́gun epo ẹ́ńjìnnì.

Ohun márùn-ún ni bàbá ṣe sí kẹ̀kẹ́ mi. Mo kọ wọ́n sínú ìwé, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ wọ́n pẹ̀lú.

Èkíní, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi fọ rímù, ó fi àkísà gbígbẹ nù ún, ó tún un ṣe títí àkísà funfun kò fi dúdú mọ́. Ó kìlọ̀ pé kí n má ṣe fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, nítorí òun náà a máa fi ọ̀rá sílẹ̀. Ṣéènì ni kí á kan epo sí, rímù kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí ẹ̀kán kan tí ó bá jò sí rímù tó láti ba ọjọ́ jẹ́.

Èkejì, ó tú rọ́bà ìjánu. Ojú wọn ti le, ó sì ń dán. Ó fi pépà oníyanrìn, irú èyí tí káfíńtà fi ń dán pákó, ra ojú wọn títí wọ́n fi rí hárahàra. Ó fi abẹ́rẹ́ yọ àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ó há sínú wọn, nítorí òkúta wọ̀nyí ni ó ń jẹ rímù. Ọ̀kan ti gbó jù. Ó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èkejì rẹ̀, nítorí méjì-méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ó yí táyà, ó sì ní kí n máa wo àlàfo tí ó wà láàárín rọ́bà àti rímù. Rímù náà ń jó sọ́tùn-ún, ó ń jó sósì. Ó fa sípókù níbi tí ó yẹ, ó dẹ ẹ́ níbi tí ó yẹ, díẹ̀díẹ̀, kò yí nọ́ọ̀tì ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Rímù tí ó bá wọ́ kò lè jẹ́ kí rọ́bà súnmọ́ ọn dáadáa.

Ẹ̀kẹrin, ó gbé rọ́bà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá ga jù, yóò máa jẹ táyà títí tí táyà yóò fi bẹ́. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, yóò yọ́ sábẹ́ rímù, yóò bọ́ sínú sípókù. Ojú rọ́bà gbọ́dọ̀ jókòó sórí rímù tán pátápátá. Kí ó tó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, ó fi káàdì tí a fi ń kó owó sórí fóònù há ìdí rọ́bà lẹ́yìn, kí iwájú rẹ̀ lè kọ́kọ́ kan rímù. Ó ní èyí ni kì í jẹ́ kí bíréèkì máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ó fa wáyà jáde nínú ilé rẹ̀. Ó ti dípẹtà. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi gírísì díẹ̀ ra á, ó sì fà á le tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí mo bá fún bíréèkì tán, ìka méjì ṣì gba àárín irin rẹ̀ àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá wá kí mi nílé ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí á wá wo àwọn tí ìjánu rímù jẹ́ iṣẹ́ wọn. Eré ìdíje kan ni, trials ni wọ́n ń pè é. Ní Catalonia, ní ilẹ̀ Spain, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn elérè alùpùpù. Pedro Pi àti ọmọ rẹ̀, Ot Pi, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di olókìkí, àjọ UCI tí ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé sì ti ń ṣe ìdíje rẹ̀ láti 1986. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní àga ìjókòó. Ó fò sórí àpáta, ó dúró lórí táyà ẹ̀yìn nìkan bí àkùkọ tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó tún fò sórí òmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí ó bá kàn án, yóò gba àmì ìjìyà.

Bàbá wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀yin rò pé ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí fi ń fò. Ìjánu ni. Bí táyà yẹn bá yí díẹ̀ báyìí lórí àpáta, ó ti ṣubú."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ wọn a máa fi ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin họ ojú rímù alumíníọ̀mù wọn, kí ó lè rí hárahàra, kí rọ́bà lè gbá a mú gírígírí. Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀dà díẹ̀ ra rímù. Àwọn mìíràn ń lo ìjánu olómi, tí omi inú ọpá fi ń ti rọ́bà dípò wáyà. Nígbà tí mo ní kí á họ tèmi náà, bàbá gbọn orí. Ó ní rímù tí a bá họ yóò máa jẹ rọ́bà, òun náà yóò sì máa tín-ín-rín títí yóò fi là. Àti pé ẹni tí ó ń fò lórí àpáta fẹ́ kí táyà dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn fẹ́ kí ó dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí táyà iwájú bá dúró gbagidi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí ni ẹni náà yóò fi balẹ̀.

Ó wá kọ́ mi pé kí n má ṣe gbójú lé ìjánu ẹ̀yìn nìkan. Bí a bá ń dúró, ìwúwo ara a máa sún síwájú, táyà ẹ̀yìn a sì fúyẹ́. Nítorí náà iwájú ni agbára ìdúró pọ̀ sí. Kí á máa fún méjèèjì, ti iwájú díẹ̀díẹ̀, kí á sì sún ara sẹ́yìn. Bí òjò bá ti rọ̀, kí á tètè fún ìjánu fẹ́ẹ́rẹ́ kí á tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí omi ni rọ́bà yóò kọ́kọ́ nù kúrò kí ó tó di rímù mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra garawa tuntun, mo sì gbé e lọ fún ìyá ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni bàbá mú mi padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀ níwájú odò. Ó ní, "Sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Má kọjá ìlà yìí."

Ọkàn mi ń lù kì-kì-kì. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo fún méjèèjì pẹ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ gbọ́ mi bí ẹṣin tí ó mọ ẹni tí ó gùn ún, ó sì dúró kí n tó dé ìlà, ó kù bí ìṣísẹ̀ méjì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi. Ọmọdébìnrin àná ni, ó gbé garawa tuntun rẹ̀ lórí. Ó ní, "Tíṣà ti dúró o!"

Bàbá kò gbà ju owó rọ́bà àti wáyà lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń fọ rímù mi kí n tó fọ aṣọ. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ yín lọ́la, ẹ fún ìjánu rẹ̀, kí ẹ sì tì í síwájú. Bí táyà bá ń yí, ẹ má ì tíì lọ.